Ẹni tí ó Wà Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Oyè Ọ̀mọ̀wé: Ìtàn Àwọn Òfin Ìparí Rẹ̀ láti Jámánì dé Ilẹ̀ Yorùbá

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa fún olùkọ́, oníṣègùn, àlùfáà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá ní òun fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé láìfi iṣẹ́ òun sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé iṣẹ́ òòjọ́ jẹ́ eku kan, ìwádìí ìjìnlẹ̀ jẹ́ eku kejì, ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà sá kò sì pàdé. Bébà yìí gbé èrò náà ka iwájú ìtàn láti wò ó bóyá ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Oyè ọ̀mọ̀wé tí bébà yìí ń sọ nípa rẹ̀ ni oyè tí yunifásítì ń fún ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ wò. Oyè ìdálọ́lá kò sí lára rẹ̀. Nítorí náà, oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ ìsìn tí Yunifásítì Oxford fi dá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther lọ́lá ní 1864 kò sí nínú àyẹ̀wò yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ lórí èdè tó oyè bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì ni ẹni tí ó ní iṣẹ́ tí ó ń jẹ tí ó ń mu nínú rẹ̀, tí kò sì rọrùn fún un láti fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó lè jókòó ti ìwé.

Kókó tí bébà yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé òfin tí ó rọ̀ mọ́ ìparí oyè ọ̀mọ̀wé pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ń ṣọ́ ìmọ̀: àpilẹ̀kọ gbọ́dọ̀ fi ohun tuntun kún ohun tí ayé ti mọ̀, ẹni tí ó kọ ọ́ sì gbọ́dọ̀ dúró tì í níwájú àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀nà kejì ń ṣọ́ ibi àti àkókò: ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé, iye ọdún tí yóò lò, bóyá ó lè ṣiṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn tàbí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtàn fi hàn pé ọ̀nà kejì ti ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, tí oyè náà kò sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí wọ́n bá ti dẹ ọwọ́ lórí ọ̀nà kìíní, oyè náà di yẹpẹrẹ.

2. Ìgbà tí Dókítà Jẹ́ Orúkọ Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ Látìn tí ó bí "dókítà" túmọ̀ sí ẹni tí ó ń kọ́ni. Ní àwọn yunifásítì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni oyè náà. Ní Bologna ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí ẹ̀kọ́ òfin ti gbilẹ̀, àwọn ọ̀gá olùkọ́ ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú ẹgbẹ́ náà yóò jókòó níwájú wọn, wọn yóò da ìbéèrè bò ó, bí ó bá sì yege, wọn yóò gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn. Ní 1219 ni Póòpù Honorius Kẹta pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba àṣẹ ìkọ́ni níbẹ̀ láìjẹ́ pé olóyè ìjọ tí ó wà fún un fọwọ́ sí i lẹ́yìn ìdánwò. Láti ìgbà náà ni ìdánwò àfẹnusọ ti ń bá oyè náà bọ̀.

Ètò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọ-iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà a máa gbé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò gba òmìnira, èyí tí wọ́n ń pè ní frídọ̀mù lóde òní. Ọmọ-awo náà a máa gbé ilé babaláwo tí ó ń kọ́ ọ fún ọdún púpọ̀. A bá ọ̀gá lọ sí oko, a ru ẹrù rẹ̀, a tẹ̀ lé e lọ sí ibi tí wọ́n ti pè é, a sì máa kọ́ ẹsẹ Ifá mọ́ iṣẹ́ wọ̀nyí. Kò sí ẹni tí ó ń sọ fún un pé iṣẹ́ oko yóò dí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé inú iṣẹ́ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ibi tí kò ti sí ìdẹ̀ra fún un ni ìgbà tí ó bá di pé kí ó kì í níwájú àwọn àgbà awo. Bí ó bá ṣì í kì níbẹ̀, ojú gbogbo wọn ni yóò ti ṣì í kì.

Ohun méjì ni ó yẹ kí á fi sọ́kàn nínú ìfiwéra yìí. Ìkíní ni pé gbígbé ilé ọ̀gá àti ṣíṣe iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ìkejì ni pé ìdánwò níwájú àwọn tí ó mọ̀ ni òpó tí ó gbé ilé náà ró, ní Bologna àti ní ilé awo bákan náà.

3. Ẹ̀kọ́ tí Jámánì Kọ́ Ayé

Oyè ọ̀mọ̀wé gẹ́gẹ́ bí ayé ti mọ̀ ọ́n lónìí, èyí tí ìwádìí jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ Jámánì ni ó ti gbé agbádá wọ̀. Ìdásílẹ̀ Yunifásítì Berlin ní 1810, èyí tí Wilhelm von Humboldt ṣe agbátẹrù rẹ̀, fi èrò kan lélẹ̀: olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọn yóò jọ máa wá ìmọ̀ tuntun. Láti ìgbà náà, kò tó mọ́ kí ènìyàn mọ ohun tí àwọn àgbà ti kọ sílẹ̀; ó gbọ́dọ̀ fi ti ara rẹ̀ kún un.

Ṣùgbọ́n ìlànà kan wà ní àwọn yunifásítì Jámánì kan nígbà náà tí ó fàyè gba ẹni tí kò sí nítòsí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú owó ìdánwò, kí wọ́n sì fi ìwé ẹ̀rí oyè ránṣẹ́ sí i padà láìjẹ́ pé ó fi ẹsẹ̀ kan inú ọgbà wọn. Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù ni ti Karl Marx. Berlin ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n Yunifásítì Jena ni ó fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìmọ̀ Democritus àti Epicurus ránṣẹ́ sí ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1841. Ní ọjọ́ 15 oṣù kan náà, ó ti di dókítà. Kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé iṣẹ́ Marx kò ní ìjìnlẹ̀. Ìlànà yìí ni ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ tàbí ọ̀nà jíjìn kò jẹ́ kí ó lè wá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí olóòótọ́ ń gbà wọlé ni olè náà ń gbà. Owó ìdánwò jẹ́ ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń pín, nítorí náà ó wu àwọn ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké láti gba ènìyàn púpọ̀. Ní 1876 ni Theodor Mommsen, òpìtàn ilẹ̀ Róòmù tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902, fi ìbínú kọ̀wé tako àwọn tí ó pè ní ayédèrú dókítà. Ohun tí ó ń bí i nínú ni pé ènìyàn lè fi iṣẹ́ ẹlòmíràn ránṣẹ́, kí ó sì gba oyè lórí rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú rẹ̀, tí kò sì dáhùn ìbéèrè kankan. Ohun tí ó béèrè fún kò ju méjì lọ: kí wọ́n tẹ àpilẹ̀kọ jáde kí gbogbo ènìyàn lè rí i, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì wá fúnra rẹ̀ fún ìdánwò. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yunifásítì Jámánì fi òpin sí fífi oyè ránṣẹ́ sí ẹni tí kò yọjú.

Ó ṣe pàtàkì láti kíyè sí ohun tí Mommsen béèrè fún àti èyí tí kò béèrè fún. Kò sọ pé kí olùkọ́ abúlé tàbí amòfin má ṣe gba oyè. Ohun tí ó sọ ni pé kí a rí ojú ẹni tí ó ni iṣẹ́, kí iṣẹ́ náà sì wà ní gbangba. Òfin ìmọ̀ ni ó ń jà fún.

4. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní 1861 ni Yunifásítì Yale fún ènìyàn mẹ́ta ní oyè ọ̀mọ̀wé, àwọn sì ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tètè tẹ̀ lé wọn. Ọdún 1917 ni Oxford tó fọwọ́ sí irú oyè yìí, nígbà tí ó hàn pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń wá ẹ̀kọ́ gíga kiri ń kọjá lọ sí Jámánì.

Síbẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ètò méjì tí ó wúlò fún ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kí àkókò yìí tó dé. Ìkíní ni oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Oníṣègùn tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ lè lọ sí ẹnu iṣẹ́, kí ó tọ́jú aláìsàn, kí ó sì kọ àpilẹ̀kọ lórí ohun tí ó rí níbẹ̀. Bí yunifásítì bá tẹ́wọ́ gbà á, ó di dókítà ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ìkejì ni ìgbésẹ̀ tí Yunifásítì London gbé ní 1858, nígbà tí ó ṣí púpọ̀ nínú àwọn ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbikíbi tí ó bá wà, yálà ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí kò lọ. Ìgbésẹ̀ yìí ya ìdánwò sọ́tọ̀ kúrò lára ibùgbé. Olùkọ́ tí ó wà ní ìlú òkèèrè lè fi alẹ́ kàwé lábẹ́ àtùpà, kí ó sì ṣe ìdánwò kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ń gbé ìgboro London. Ipa ìgbésẹ̀ yìí ni ó dé Ìbàdàn ní 1948, nígbà tí wọ́n dá University College sílẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ àjọṣe pẹ̀lú Yunifásítì London. Títí di 1962 tí Ìbàdàn dá dúró, oyè London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà.

5. Àwọn Ọmọ Yorùbá tí ó Fi Iṣẹ́ Ṣe Oko Ìwádìí

Bí ènìyàn bá wo ìtàn àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ gba oyè dókítà, yóò rí i pé àwọn kan nínú wọn kò fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lọ wá ohun tí wọn yóò kọ. Inú iṣẹ́ náà ni wọ́n ti rí i.

Ẹni tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson òpìtàn. Oníṣègùn ni. Ní 1889 ni Yunifásítì Edinburgh fún un ní oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìṣègùn, àkọlé àpilẹ̀kọ rẹ̀ sì dá lórí ìtọ́jú àìsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìmọ̀ tí àwọn olùdánwò Edinburgh kò lè rí lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ni ó gbé wá fún wọn. Ẹni yìí kan náà ni ó ṣe àtúntò ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ, lẹ́yìn tí ìwé àkọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà jáde ní 1921, ọdún kan lẹ́yìn ikú Obadiah.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àlùfáà. J. Olúmìdé Lucas jẹ́ àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ní Èkó. Iṣẹ́ tí ó kọ fún oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ ìsìn ní Yunifásítì Durham ni ó di ìwé lórí ẹ̀sìn Yorùbá ní 1948. Bọ́lájí Ìdòwú jẹ́ àlùfáà Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì nígbà tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé Yunifásítì London ní 1955. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ ni ó bí ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, èyí tí ó jáde ní 1962. Àwọn méjèèjì ń wàásù fún àwọn ènìyàn tí ẹ̀sìn àbáláyé ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, nítorí náà ìbéèrè tí wọ́n gbé lọ sí yunifásítì jẹ́ ìbéèrè tí iṣẹ́ wọn ń bi wọ́n lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjèèjì kò rí bákan náà lójú àwọn onímọ̀. Lucas gbìyànjú láti fi ẹ̀sìn Yorùbá so mọ́ ti Íjíbítì àtijọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rí rẹ̀ sì dúró lórí ọ̀rọ̀ tí ìró wọn jọra. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ta ko ọ̀nà yìí gan-an, Ìdòwú sì wà lára wọn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé sísún mọ́ oko ìwádìí nìkan kò tó. Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ ohun tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tí yóò máa bi í léèrè bí ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ìdí tí alábòójútó fi wà nìyẹn.

Adéboyè Babalọlá fi ọ̀nà náà hàn dáadáa. Olùkọ́ ni ní Igbobi College ní Èkó kí ó tó di olùkọ́ yunifásítì. Ìjálá, ohùn àwọn ọdẹ, ni ó gbájú mọ́. Ìwé rẹ̀ lórí ìjálá, tí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní London jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, jáde ní 1966, ó sì wà lára ìwé tí ó sọ lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá di ohun tí yunifásítì lè fi ṣe ẹ̀kọ́ gidi.

Àpẹẹrẹ tí ó bọ́ sí ojú ọ̀nà jù ni ti Wándé Abímbọ́lá. Ní 1966 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Níbẹ̀ náà ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí Yunifásítì Èkó fún ní oyè náà. Láàárín ìgbà tí ó ń kọ́ni tí ó sì ń ṣe ìwádìí yìí ni ìwé rẹ̀ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde, apá kìíní ní 1968, apá kejì ní 1969. Ohun tí ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo, ohun tí ó gbà sílẹ̀ ni ó tẹ̀ jáde, lórí rẹ̀ náà ni àpilẹ̀kọ rẹ̀ sì dúró sí. Eku méjì tí òwe sọ ti di ẹyọ kan.

6. Àwọn Òfin náà Lọ́kọ̀ọ̀kan

Òfin àwọn yunifásítì yàtọ̀ síra ní kéékèèké, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ wọn jọra. Ó tọ́ kí á wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe kan ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

(i) Ìforúkọsílẹ̀ àti àkókò. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹni tí ó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tí ó ń fi apá kan àkókò rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń fún ní èyí tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ó sábà máa ń tó ìlọ́po méjì. Bí gbèdéke bá kọjá, orúkọ lè jáde kúrò nínú ìwé. Lójú ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, òfin yìí ni ó ń ṣekú pani jù. Kì í ṣe ọgbọ́n ni ó tán. Ọdún ni ó tán.

(ii) Ibùgbé. Àwọn yunifásítì kan ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo iye sáà kan nínú ọgbà. Èrò tí ó wà lẹ́yìn òfin yìí dára: ilé ìkàwé wà níbẹ̀, àwọn àgbà wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ tí yóò ta ko ọ̀rọ̀ ènìyàn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè gbé inú ọgbà fún ọdún mẹ́ta láìbá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹlòmíràn sì lè máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ó sì lo ọjọ́ náà dáadáa. Ohun tí òfin náà ń wá ni ìfararora, ibùgbé kàn jẹ́ ọ̀nà kan láti rí i ni.

(iii) Ìwé àbá ìwádìí àti sẹminá. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbé ohun tí ó fẹ́ ṣe ka iwájú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Níbi yìí, ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní àǹfààní, nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ó kà nínú ìwé nìkan. Ewu tirẹ̀ ni pé ó lè ti mọ ìdáhùn lọ́kàn ara rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

(iv) Àpilẹ̀kọ. Gbogbo yunifásítì ni ó ń béèrè pé kí ó jẹ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, kí ó sì fi ìmọ̀ kún ìmọ̀. Kò sí òfin kan fún ẹni tí ó ń gba owó oṣù àti òmíràn fún ẹni tí kò gbà á. Ẹni tí ó fi ọdún mẹ́jọ kọ ọ́ àti ẹni tí ó fi ọdún mẹ́ta kọ ọ́, òṣùwọ̀n kan náà ni wọn yóò fi wọ̀n wọ́n.

(v) Ìdánwò àfẹnusọ. Olùdánwò kan, ó kéré tán, máa ń ti yunifásítì mìíràn wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì tí ó fẹ́ fún un ní oyè, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n mú olùdánwò méjì láti ìta, kí ojú àánú má bàa wọ inú ọ̀rọ̀. Láti 2020 tí àrùn kòrónà dé, ọ̀pọ̀ ìdánwò yìí ni ó ti wáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi yí padà, ìdánwò kò yí padà.

7. Àwọn Ọ̀nà Mìíràn tí Ayé ti Là

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ilẹ̀ Japan, tí ó fi òfin gbé oyè ọ̀mọ̀wé kalẹ̀ ní 1887, ní ọ̀nà méjì tí ènìyàn lè gbà dé ibẹ̀. Ọ̀nà kan wà fún ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ tí ó sì parí ètò ẹ̀kọ́. Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá, bí onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ kan. Yóò ṣe ìwádìí rẹ̀ níbi iṣẹ́, yóò tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò kó o jọ di àpilẹ̀kọ fún yunifásítì. Yunifásítì yóò yẹ ẹ́ wò, yóò sì dán ìmọ̀ rẹ̀ wò bóyá ó tó ti ẹni tí ó parí ètò ẹ̀kọ́. Nínú ètò yìí, òfin ibùgbé ti pòórá pátápátá, ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ àti ìdánwò dúró gbọn-in.

Ní 1920, Yunifásítì Harvard dá ilé ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú oyè dókítà tí ó wà fún àwọn olùkọ́ àti alábòójútó ilé ẹ̀kọ́. Irú oyè yìí dé Yunifásítì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1992. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ìṣòro tí ó wà níbi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n retí pé kí ó ṣe ìwádìí lé lórí. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1979 tí ó dá National Postgraduate Medical College sílẹ̀ tẹ̀ lé èrò tí ó jọ èyí. Oníṣègùn tí ó ń kọ́ṣẹ́ di àgbà ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn lójoojúmọ́, ó ń gba owó oṣù, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ ìwádìí kí ó sì gbèjà rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á sínú ẹgbẹ́ àwọn àgbà. Oyè mìíràn ni, ṣùgbọ́n ìlànà Bologna ni ó padà wá nínú aṣọ tuntun.

National Open University náà ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ìjọba alágbádá sì jí i dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún. Ní 2018 ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ẹni tí yunifásítì náà jí dìde lábẹ́ ìjọba rẹ̀, gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìsìn, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹni tí ó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè nígbà méjì náà jókòó dáhùn ìbéèrè àwọn olùdánwò.

8. Ohun tí ó Wà Nínú Ewu

Ìbéèrè tí Mommsen béèrè ní 1876 kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ní ìparí 2023, oníròyìn Nàìjíríà kan fi hàn pé òun gba ìwé ẹ̀rí oyè àkọ́kọ́ láti yunifásítì kan ní orílẹ̀-èdè Benin láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá gbígba oyè láti Benin àti Togo dúró fún ìgbà náà. Oyè àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí, ṣùgbọ́n àìsàn kan náà ni: ìwé ẹ̀rí wà, ẹni tí ó ni ín kò jókòó níwájú ẹnikẹ́ni. Àwọn olóòótọ́ tí ó fi òru àti ẹ̀ẹ̀rùn kẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ni ó kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, nítorí pé ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo gbogbo wọn.

Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ le. Bí yunifásítì bá ṣàánú rẹ̀ níbi tí kò yẹ, oyè tí ó lé fún ọdún púpọ̀ kò ní níyì mọ́ ní ọjọ́ tí ó bá gbà á. Bí yunifásítì bá sì le mọ́ ọn níbi tí kò yẹ, ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò bá a wọ sàréè. Nọ́ọ̀sì tí ó ti gbẹ̀bí fún ogún ọdún, olùkọ́ abúlé tí ó mọ bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè méjì pọ̀, adájọ́ ìbílẹ̀ tí ó ti gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun, àwọn wọ̀nyí ni ilé ìkàwé tí a kò tíì kọ. Òfin tí ó bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kúrò nínú oko kí wọ́n tó lè wá gbin nǹkan.

9. Àsọkágbá

Bébà yìí ti tọpa òfin ìparí oyè ọ̀mọ̀wé láti Bologna dé Jena, láti Edinburgh àti London dé Ìbàdàn àti Èkó. Ohun tí ó hàn nínú ìrìn àjò náà ni pé òfin ibi àti òfin àkókò jẹ́ aṣọ tí wọ́n lè rán ní oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ àti ìdánwò àfẹnusọ ni ara tí ó wọ aṣọ náà.

Àbá mẹ́ta ni ó tẹ̀ lé èyí. Àkọ́kọ́, níbi tí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá ti jẹ́ oko ìwádìí rẹ̀, kí yunifásítì ka ọdún tí ó lò níbẹ̀ mọ́ àkókò ẹ̀kọ́ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí alábòójútó bá ń rí i déédéé. Èkejì, kí gbèdéke ọdún jẹ́ èyí tí ó mọ̀ pé ènìyàn lè ṣàìsàn, pé wọ́n lè gbé òṣìṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, pé obìnrin lè bímọ. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀bẹ̀ fún ìdẹ̀ra níbi àpilẹ̀kọ tàbí níbi ìdánwò, yálà ipò rẹ̀ ga tàbí ó rẹlẹ̀.

Òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Ṣùgbọ́n Obadiah Johnson, Bọ́lájí Ìdòwú àti Wándé Abímbọ́lá kò lé eku méjì. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n lé, ojú ọ̀nà iṣẹ́ wọn ni wọ́n sì ti bá a. Fún ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ipasẹ̀ wọn, tí ọdún sì ń gorí ọdún, òwe mìíràn wà tí ó bá a mu jù: pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.